Pàṣán Tí A Fi Na Ìyálé: Ìlànà Òfin nínú Òṣèlú Òde Òní

Àwọn àgbà Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ṣeré rárá. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí a bá yẹ òwe yìí wò fínnífínní, a óò rí i pé kò sọ pé ẹni tí ó dá ẹjọ́ náà ṣi ẹjọ́ dá. Ìdájọ́ rẹ̀ lè bá òótọ́ mu. Ẹni tí ó dá lẹ́bi lè jẹ́ ẹlẹ́bi ní tòdodo. Síbẹ̀ òṣìkà ni òwe pè é, nítorí pé ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ó tó dájọ́. Kì í ṣe ibi tí ó dé ni òwe náà ń bá a wí sí, bí kò ṣe ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀.

Kókó ohun tí àwọn amòfin ayé òde òní ń pè ní ìlànà òfin kò ju báyìí lọ. Ẹni tí a bá fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀sùn náà, kí ó sì rí àyè fèsì sí i. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ adájọ́ nínú ẹjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ sí. A kò gbọdọ̀ fi òfin tí a ṣe lónìí jẹ ènìyàn níyà nítorí ohun tí ó ṣe lánàá. Bí ilé ẹjọ́ bá sì ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà de ọba gẹ́gẹ́ bí ó ti de bíríkìlà. Abala 36 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 to púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Kì í ṣe pé a kò mọ òfin. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni ìdí rẹ̀ tí ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí a sì kọ sínú ìwé, fi ń di ohun ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú láti ìran dé ìran.

Òwe mìíràn ni yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí ìbéèrè yìí. Àwọn àgbà ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ìyàwó tí ọkọ ń gẹ̀, tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tí ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí a ń na ìyálé, kò náání pàṣán. Ìyálé nìkan ni ojú rẹ̀ ń wò. Kò bi ara rẹ̀ léèrè pé níbo ni a óò fi pàṣán yìí sí nígbà tí a bá nà án tán. Báyìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ìlànà òfin rí nínú òṣèlú. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀tá kan dìde ní ọ̀sán gangan kí ó ní òun fẹ́ pa òfin run. Àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí a bá gba ẹ̀bùrú mú ẹni tí wọn kò fẹ́ràn ni wọ́n ń pa á díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn Òyìnbó nìkan ni èyí. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin lágbára, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ Mèsì wà láti ká a lọ́wọ́ kò. Bí Ọ̀yọ́ Mèsì pàápàá bá sì fẹ́ kọjá àyè wọn, àwọn Ògbóni wà níbẹ̀. Baṣọ̀run ni olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, òun ni ó sì ń sọ fún Aláàfin nígbà tí ìlú bá ti kọ̀ ọ́. A dá agbára yìí sílẹ̀ láti dáàbò bo ìlú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bọ́ sí ọwọ́ Baṣọ̀run Gáà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ohun tí ó jẹ́ ti ìlú di ti ẹnì kan. Ìtàn sọ pé ọba márùn-ún ni Gáà fi jẹ, ó sì ṣe ikú pa mẹ́rin nínú wọn. Abíọ́dún tí ó jẹ́ ìkarùn-ún ni ó ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774. Láti ìgbà náà ni a ti ń pa á lówe pé bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí ju ti ikú òṣìkà lọ. Gáà kò pa ìlànà Ọ̀yọ́ rẹ́. Ìlànà náà gan-an ni ó fi ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Orúkọ àṣà kò yí padà, ìlò rẹ̀ ni ó yí.

Ní ti ayé òde òní, Ìbàdàn ni ó yẹ kí a ti mú ìtàn náà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962. Ẹgbẹ́ Action Group tí ń ṣe ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti pín sí méjì. Apá kan wà lẹ́yìn Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́. Apá kejì wà lẹ́yìn Olóyè S. L. Akíntọ́lá tí ó jẹ́ olórí ìjọba. Ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin 66 nínú 124 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò sí lẹ́yìn Akíntọ́lá mọ́. Ìwé yìí ni Gómìnà, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, gbára lé tí ó fi yọ ọ́ nípò ní ọjọ́ 21 oṣù náà, tí ó sì fi Alhaji D. S. Adégbénrò rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní inú ilé ìgbìmọ̀ ni ó yẹ kí a ti dìbò lójú gbogbo ènìyàn, pé lẹ́tà kì í ṣe ìbò. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ pàdé ní ọjọ́ 25, àga ni àwọn kan gbé sókè, ọlọ́pàá sì fi tajútajú tú wọn ká. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì lórí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì fi Dókítà M. A. Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó rẹ̀ títí ọdún fi parí.

Ìhà méjèèjì ni ó ní ohun tí ó lè wí, ó sì yẹ kí ilé ẹjọ́ là wọ́n. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Èkó gbè Akíntọ́lá. Ẹjọ́ náà tún kọjá sí ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí òpin ẹjọ́ wà nígbà náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1963, wọ́n gbè Adégbénrò. Wọ́n ní òfin kò de Gómìnà mọ́ ìbò inú ilé nìkan. Ṣùgbọ́n Akíntọ́lá ti padà sórí àléfà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Dípò kí a tẹ̀lé ìdájọ́ yìí, Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn yára tún òfin kọ. Wọ́n ní kí òfin tuntun náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù Kẹwàá ọdún 1960, kí ọ̀rọ̀ tí Lọ́ńdọ̀nù sọ lè di òfo. Ó dà bí ẹni tí a pa láyò, tí ó wá dìde dúró, tí ó ní láti ìjẹta ni òun ti yí òfin ayò padà.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ààbò ìlú ni a tìtorí rẹ̀ kéde pàjáwìrì ní 1962, kí a wo 1965. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kẹwàá ọdún náà, Ìwọ̀-Oòrùn gbiná. Wọ́n ń sun ilé, wọ́n ń da epo sí ènìyàn lára kí wọ́n tó ṣáná sí i. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ wẹ́tìẹ̀ wọ èdè Yorùbá. Síbẹ̀ ìjọba àpapọ̀ kò kéde pàjáwìrì kankan. Ní 1962, àga tí a jù nínú ilé kan ṣoṣo tó láti gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn tí a dìbò yàn. Ní 1965, odidi ilẹ̀ tí ń jó kò tó. Ojú ẹni tí ọ̀ràn kàn ni a fi wọn òfin, òfin sì di òṣùwọ̀n tí kò dọ́gba. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun fi ìbọn gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966, Akíntọ́lá àti Olórí Ìjọba Àpapọ̀, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, wà lára àwọn tí a pa. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ wọn.

Àwọn ológun kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ àbùjá, wọ́n bá a nílẹ̀. Wọ́n kàn fẹ̀ ẹ́ kí ọkọ̀ ogun lè gbà á kọjá ni. Ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n ṣe ìwádìí nípa ohun ìní àwọn òṣìṣẹ́ ọba kan, wọ́n sì ṣe òfin tí ó dárúkọ àwọn ènìyàn, tí ó sì gba dúkìá wọn. Ọ̀kan nínú wọn, E. O. Lákànmí, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1970, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, lábẹ́ Adájọ́ Àgbà Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, sọ pé òfin kì í dárúkọ ènìyàn kí ó sì jẹ ẹ́ níyà. Iṣẹ́ adájọ́ ni ìyẹn. Ohun tí ìjọba ṣe kì í ṣe òfin, ìdájọ́ tí a wọ ẹ̀wù òfin fún ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìjọba ológun fi gbé Òfin 28 ti ọdún 1970 jáde. Òfin náà sọ ìdájọ́ Adémọ́lá di òfo, ó sì sọ fún gbogbo ilé ẹjọ́ pé wọn kò gbọdọ̀ yẹ òfin ológun wò mọ́. Ó rọrùn nígbà náà fún ará ìlú láti sọ pé, ‘Ṣebí àwọn tí ó kówó jẹ ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn.’ Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé ti ara rẹ̀ ni òun ń sọ.

Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, ó hàn. Nígbà tí àwọn ológun tún gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, àwọn ènìyàn jó ní ìgboro, nítorí pé inú wọn ti bàjẹ́ sí àwọn olóṣèlú. Òfin 2 ti ọdún 1984 fún ìjọba ní agbára láti ti ènìyàn mọ́lé láìsí pé ilé ẹjọ́ lè bi wọ́n ní ìdí rẹ̀. Òfin 4 ti ọdún kan náà mú àwọn oníwèé ìròyìn. Ó gbé ẹrù lé orí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn, pé òun ni yóò fi hàn pé òótọ́ ni òun kọ. Tunde Thompson àti Nduka Irabor tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílé ìwé ìròyìn The Guardian lo ẹ̀wọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Òfin 20 sọ gbígbé egbòogi olóró di ẹ̀ṣẹ̀ ikú, wọ́n sì ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1985, wọ́n fi ìbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Èkó lábẹ́ òfin náà. Ó kéré tán, ẹnì kan nínú wọn wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé nígbà tí a mú un, ẹ̀wọ̀n ni òfin sọ, kì í ṣe ikú. Ìbọn ti dún kí òfin tó bí ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń ṣe.

Nínú gbogbo ìtàn ọdún wọ̀nyí, ti Olóyè Adékúnlé Ajáṣin ni ó yẹ kí àwọn olùkọ́ máa rántí jù. Olùkọ́ ni, ọ̀gá ilé ìwé ni kí ó tó di Gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọdún 1979. Àwọn ológun gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tí àwọn fúnra wọn gbé kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tì, wọ́n ní kò jẹ̀bi. Síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ó lọ sílé. Àhámọ́ ni wọ́n dá a padà sí. Nígbà tí ìlànà òfin bá ti kú, kì í ṣe ẹlẹ́bi nìkan ni ó ń ṣòfò. Kódà, àre kò wúlò mọ́ fún ẹni tí ó jàre.

Ẹ wo bí pàṣán ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1985, àwọn ológun mìíràn lé Ọ̀gágun Muhammadu Buhari kúrò lórí oyè, wọ́n sì mú un. Ẹni tí ìjọba rẹ̀ ṣe òfin àhámọ́ lo ọdún mẹ́ta ó lé nínú àhámọ́. A kò gbé e lọ síwájú adájọ́ kankan. Ó yẹ kí a sọ ọ́ gbangba pé ohun tí a ṣe sí i kò dára, gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ṣe sí Ajáṣin kò ti dára. Bí a bá ní ti ẹnì kan burú, tí a ní ti èkejì tọ́ sí i, àwa náà ti mú pàṣán lọ́wọ́ nìyẹn.

Síbẹ̀ òkùnkùn náà kò ṣú tán. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1985, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó fi agbára lé Olóyè Odumegwu Ojukwu jáde nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ilé náà ṣì wà níwájú adájọ́. Ìgbà náà kò tí ì pé ogún ọdún tí ogun abẹ́lé parí, Ojukwu kì í sì í ṣe ẹni tí gbogbo Nàìjíríà fẹ́ràn. Ní ọdún 1986, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, níbi tí Káyọ̀dé Èṣọ́ àti Chukwudifu Oputa wà lára àwọn adájọ́, sọ fún ìjọba náà pé ẹni tí ó tẹ àṣẹ ilé ẹjọ́ mọ́lẹ̀ kò lè wá bẹ ilé ẹjọ́ fún ojú rere, àti pé ológun pàápàá wà lábẹ́ òfin. Iyì ìdájọ́ yìí wà nínú ẹni tí ó dáàbò bò. Òfin tí ń gbe ẹni tí a fẹ́ràn nìkan kì í ṣe òfin, ojúsàájú ni.

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní ọdún 1999, ọ̀pọ̀ rò pé pàṣán ti bá àwọn ológun lọ sí àgọ́ wọn. Kò bá wọn lọ. Ní Ìbàdàn kan náà, ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2006, wọ́n yọ Gómìnà Rashidi Ládọjà nípò. Ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jẹ́ 32, ìdá méjì nínú mẹ́ta tí òfin béèrè fún kò sì lè dín ní 22. Àwọn 18 ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ilé ìtura ni wọ́n sì ti pàdé, kì í ṣe inú ilé ìgbìmọ̀. Oṣù mọ́kànlá ni ẹjọ́ gbà kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá pé ìyọnípò náà kò bófin mu, tí Ládọjà fi padà sí ipò rẹ̀. Ìṣirò ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ 18 àti 22. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ìṣirò.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ó kan olórí àwọn adájọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn kan Adájọ́ Àgbà Walter Onnoghen pé kò kéde gbogbo ohun ìní rẹ̀ bí òfin ti wí. Ẹ̀sùn ńlá ni, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 25 oṣù náà, nígbà tí ìdìbò Ààrẹ kò ju oṣù kan lọ mọ́, Ààrẹ Buhari ní kí ó lọ rọ́kún nílé. Àṣẹ tí Ààrẹ gbára lé jẹ́ èyí tí ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ọba pa lẹ́yìn tí ó gbọ́ ẹnu ìhà kan ṣoṣo. Kò dúró de Ìgbìmọ̀ Àwọn Adájọ́ ti Orílẹ̀-Èdè tí òfin fún ní iṣẹ́ bíbá adájọ́ wí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá nìyẹn, lórí ẹni tí ó jẹ́ olórí gbogbo agbẹ́jọ́. Wọ́n dá a lẹ́bi ní oṣù Kẹrin. Ní ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n àga ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìdìbò sì ti kọjá.

Ọ̀rọ̀ 1962 pàápàá tún padà wá. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ó ní kí Gómìnà, igbákejì rẹ̀ àti ilé ìgbìmọ̀ lọ jókòó fún oṣù mẹ́fà, ó sì fi alábòójútó kan sí ipò wọn títí di oṣù Kẹsàn-án. Àwọn amòfin jiyàn gidigidi lórí bóyá Ààrẹ ní agbára láti dá Gómìnà dúró. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò nílò àríyànjiyàn. Òfin béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan kí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ tó lè dúró. Ohùn ẹnu ni ilé méjèèjì fi dá a lóhùn ní Àbújá. Wọ́n ké bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ké bẹ́ẹ̀ kọ́, ó parí. Ta ni ó lè ka ohùn? Ní 1962, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn ń bá ara wọn jà lórí bóyá ìfọwọ́sí 66 tó ìbò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, a kò tilẹ̀ ka iye mọ́.

Àwọn kan yóò dìde, wọn yóò sì fi ẹ̀tọ́ béèrè pé, kí ni èrè ìlànà òfin fún ará ìlú? Olè kékeré ń ṣẹ̀wọ̀n lójú ẹsẹ̀, olè ńlá ń gba agbẹjọ́rò mẹ́wàá, ẹjọ́ rẹ̀ ń gba ọdún mẹ́wàá, ó sì ń jẹ oyè nínú rẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa kò ní sùúrù fún èyí, kò sì yẹ kí a dá a lẹ́bi. Òótọ́ ni ẹ̀dùn wọn. Ṣùgbọ́n ìfàsẹ́yìn ẹjọ́ kì í ṣe ìlànà òfin. Àìsàn tí ń ṣe ìlànà òfin ni. Ẹni tí orí ń fọ́, a kì í bẹ́ ẹ lórí. Bí ẹjọ́ bá ń pẹ́, kí a yan adájọ́ púpọ̀ sí i, kí a dín sísún ẹjọ́ síwájú kù, kí a fi ọjọ́ sí ìdájọ́. Àbùjá tí a ní kí a gbà láti mú olè ńlá kò mú un rí. Ẹni tí ó bá ń bá olórí ìjọba jà ni ó máa ń mú. Olè ńlá tí ó bá mọ ọ̀nà ààfin kì í bẹ̀rù àbùjá, nítorí pé òun náà mọ̀ ọ́n gbà.

Ibo ni a ti ń kọ́ ìyàwó láti rẹ́rìn-ín nígbà tí a bá ń na ìyálé? Kì í ṣe Àbújá nìkan. Ilé ìwé pàápàá jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ní ọdún 1983, rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Maiduguri, wọ́n sì lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ tí rògbòdìyàn náà ba dúkìá rẹ̀ jẹ́ ni ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀rọ̀ wọn. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ọdún 1986, àwọn adájọ́ ní ẹni tí a ṣẹ̀ kò lè jẹ́ ẹni tí yóò dájọ́, àti pé ẹ̀sùn ọ̀daràn jẹ́ ti ilé ẹjọ́, kì í ṣe ti yunifásítì. Wọ́n dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà. Ìdájọ́ yìí kò sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa sun ilé. Ohun tí ó sọ ni pé ẹni tí ó sun ilé pàápàá ní ẹnu.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí kíláàsì. Olùkọ́ tí ó na odidi kíláàsì nítorí ariwo tí ẹnì kan pa ti kọ́ ogójì ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìṣèlú láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n ti kọ́ pé agbára kò nílò láti wádìí. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yọ akọ̀wé rẹ̀ nípò lóru, nígbà tí kò sí nílé, ti kọ́ bí a ti ń pàdé ní ilé ìtura. Lọ́jọ́ iwájú, àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yóò di aṣòfin, gómìnà, adájọ́ àti ọ̀gágun. Ohun tí a bá gbìn sí wọn nínú ní kíláàsì ni wọn yóò kárúgbìn rẹ̀ fún wa. Olùkọ́ tí ó bá sọ fún ọmọ tí a fẹ̀sùn kàn pé, ‘Sọ tìrẹ,’ tí ó sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ dé òpin bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí i, ti ṣe ju ìwé òfin lọ.

Ìlànà òfin kì í ṣe ẹ̀bùn tí a ń fún ènìyàn rere. Ènìyàn rere tí gbogbo ayé fẹ́ràn kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá kórìíra ènìyàn gan-an ni a ń dán an wò. Nígbà tí ìjọba bá tún fẹ́ gba ẹ̀bùrú mú ẹnì kan tí inú gbogbo wa kò dùn sí, kì í ṣe pé kí a kọ́kọ́ béèrè pé irú ènìyàn wo ni. Kí a wo àjà. Kí a béèrè pé ta ni yóò di pàṣán yìí mú lọ́la, ẹ̀yìn ta ni yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sí.